Bí mo ṣe ya òwìwí ní fọ́tò bí ó ti ń fò ní Imọta

Ohun tí ó máa ń ṣòro jù lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ya òwìwí bí ó ti ń fò ni àtimọ ìgbà tí ó ń bọ̀, nítorí pé ẹyẹ náà kì í dún. Etí ìyẹ́ tí ó wà níwájú apá rẹ̀ rí bí eyín òòyà, ìyẹn ni ó ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́ tí apá náà kò fi ní ariwo. Kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó ti dé, ó ti kọjá lọ.

Ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni mo ti kọ́kọ́ fi òwìwí kéékèèké kọ́ iṣẹ́ yìí. Irú èyí tí mo rí níbẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà lọ, ó ní àmì funfun tótòtó lára, ó sì ní àmì dúdú méjì lẹ́yìn orí tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi rò pé ojú ni, pé ẹyẹ náà ń wo òun. Ó máa ń jáde lọ́sàn-án, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó fún mi láti fi ìdá 2000 ìṣẹ́jú àáyá kan ya á. Òwìwí ti Imọta, ní agbègbè Ìkòròdú níhìn-ín, tóbi jù ú lọ, ojú rẹ̀ funfun, òru sì ni ó fi ń ṣọdẹ.

Inú àjà ilé àtijọ́ kan ni ó ń gbé. Páànù ilé náà ti ṣí ní igun kan, ibẹ̀ ni ó ń gbà wọlé. Ìdílé tí ó ni ilé máa ń kó àgbàdo pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Àgbàdo ni ó pe èkúté, èkúté ni ó sì pe òwìwí. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ilé, ẹyẹ àjẹ́ ni, igbe rẹ̀ lóru kò sì lè mú ire wá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò sì ti ń kó òkò jọ dè é.

Mi ò bá Bàbá tí ó ni ilé jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ láti kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ohun tí ó ń jẹ.” Òwìwí a máa gbé eku mì lódidi, lẹ́yìn náà yóò pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣù dúdú, irú ìṣù bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀ lábẹ́ igun ilé náà. Mo rẹ ọ̀kan sínú omi, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú u, agbárí èkúté sì jáde tòun ti eyín. Bàbá wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, “Ṣé èkúté tí ó ń jẹ àgbàdo wa náà nìyí?” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ òkò sí òrùlé wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ nídìí ìṣù yẹn ni, kò ní sí ẹyẹ kankan tí mo fẹ́ yà.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ń jókòó sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ láìgbé kámẹ́rà dání, tí mo kàn ń ṣọ́ ọ̀nà rẹ̀. Ó máa ń gba àárín igi àgbálùmọ̀ àti ògiri kọjá. Ibẹ̀ ni mo ri òpó méjì mọ́, tí mo fi ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí sí àárín wọn, tí ó jẹ́ pé bí ẹyẹ bá ti gé e, kámẹ́rà yóò yà fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà mi máa ń lo nǹkan bí ìdá 20 ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó ṣí ojú, ẹyẹ tí ó bá sì ń fo mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti lọ síwájú ní sẹ̀ntímítà 25 kí fọ́tò tó wọlé. Nítorí náà, iwájú ìtànṣán ni mo dojú lẹ́ńsì kọ, kì í ṣe orí rẹ̀ gan-an.

Fíláàṣì ni ó ń dá apá ẹyẹ dúró lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo gbogbo agbára rẹ̀ nítorí òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ náà máa ń pẹ́ jù nígbà náà, apá á sì di èéfín nínú fọ́tò. Bí a bá dín agbára fíláàṣì kékeré kù sí ìdá 32, ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ tó ìdá 10,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo to mẹ́ta pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, mo dojú wọn kọ ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà tàn sójú ẹyẹ, n kì í sì í yà ju ìwọ̀nba lọ lálẹ́ kan.

Nígbà tí a gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àjà, mo kó gbogbo irinṣẹ́ mi kúrò títí wọ́n fi fò lọ. Ó yẹ kí gbogbo wa fi ọwọ́ pàtàkì mú èyí, nítorí ti ẹyẹ àti nítorí ti ara wa: Eric Hosking, ayàwòrán ẹyẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn, pàdánù ojú òsì rẹ̀ ní 1937 nígbà tí òwìwí kan kọ lù ú nítòsí ìtẹ́.

Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí apá méjèèjì ti là sílẹ̀ pátápátá, tí èkúté wà ní èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a lè rí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan létí apá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, mo gbé e fún Bàbá, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ páànù, Bàbá fúnra wọn ni ó sọ fún káfíńtà pé kí ó fi àlàfo sílẹ̀ ní igun yẹn, kí ó sì kan àpótí pákó sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ya òwìwí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀nà tí tiyín ń gbà jáde àti bí ẹ ṣe bá àwọn onílé sọ̀rọ̀.