Ìrírí wa pẹ̀lú àwọn òrìṣà inú Dungeons & Dragons

Lọ́ńdọ̀nù ni, lọ́dún 2008. Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àwa márùn-ún ń pàdé ṣe eré yìí, eré orí tábìlì tí oníkálukú ti ń ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn, tí ẹnì kan sì ń darí rẹ̀. Àwòrò Mystra ni mo ń ṣe. Mystra ló ni idán ní Forgotten Realms, ọ̀kan lára àwọn ayé inú eré náà. Òun ló di Weave mú, òwú tí àwọn oṣó ń fà kí idán wọn tó lè jẹ́. Mo kọ oríkì tèmi fún un sínú ìwé kan, torí mi ò fẹ́ máa sọ pé "mo gbàdúrà" lásán.

Ni ẹ̀dà kẹrin ìwé eré náà bá jáde. Ẹni tó ń darí eré wa ka ìwé tuntun, ó dé, ó ní òrìṣà méjì, Shar àti Cyric, ti pa Mystra, Weave ti já, iná aláwọ̀ búlúù ti jó ayé, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sì ti kọjá. Gbogbo ará ìlú tí a mọ̀ ti kú tán. Ìfòkọjá ọdún yẹn dùn mí títí dòní. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: nígbà tí ẹ̀dà kejì dé lọ́dún 1989, Mystra ìgbà yẹn kú, Midnight, ọmọ ènìyàn kan, gorí ipò rẹ̀, ó sì jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà yẹn yọ iṣẹ́ apàniyàn kúrò nínú eré, nínú ìtàn, òrìṣà kan tó ń jẹ́ Bane sì gba ẹ̀mí gbogbo apàniyàn. Àmọ́ ìyẹn ṣojú àwọn ènìyàn inú ìtàn.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni, "Ọba ò so!" Kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ṣàlàyé Ṣàngó àti Kòso fún wọn. Olùdarí wa dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí àwòrò mi máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, ọdún méjì gbáko, àwọn ará ìlú ń sọ ọ́ lókò.

Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún dé lọ́dún 2014, tí Mystra padà, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ olùdarí wa, láìsí àmì ohùn: "Oba o so."

*

Òǹkàwé yín ni mí. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìtàn Mystra òkè yìí. Ní Houston, mo ra Deities & Demigods ti 1980, ìwé àwọn òrìṣà fún eré yìí, ní àlòkù. Mo tú u tán: Íjíbítì wà níbẹ̀, Gíríìsì, Finland, Japan, àní Bábílónì. Zeus àti Odin ní 400 hit points ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìyà tí ẹ̀dá lè jẹ kó tó kú ṣe pọ̀ tó. Tiwa ò sí. Inú bí mi, mo jókòó láti kọ ti Ògún fúnra mi. Mo kọ irin, mo kọ ajá, emu àti màrìwò. Nígbà tó kan hit points, ọwọ́ mi ò lọ mọ́. Mo rántí ìyá bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń júbà Ògún. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá sin ín nídìí tábìlì mi, ó ń rí agbára gbà. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, mi ò ní nọ́ńbà fún un.