Táńkì lítà 25, iná epo tàn ní 218: ṣé alùpùpù mi ló ń ṣàìsàn ni?

Ọmọ Kàbà ní Kubwa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìnáwó epo. Láti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Yamaha FJR1300 ni mò ń gùn. Tòkunbọ̀ ni, mo ti ń lò ó bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Lítà 25 ni táńkì rẹ̀ ń gbà. Bí mo bá rọ epo kún un, mo máa ń rìn tó kìlómítà 320 tàbí 330 kí iná epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìyẹn ni mo fi ń ṣètò ìrìn àjò mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo lọ kí màmá mi ní Kàbà. Láti Kubwa ní Àbújá mo gba Zuba, Gwagwalada, Abaji, Koton Karfe dé Lọ́kọ́ja, mo wá gba ọ̀nà Obajana bọ́ sílé. Nǹkan bí 270 ni mítà kà. Iná epo kò tàn, àmọ́ ìlà kan péré ló kù lórí géèjì. Mo gbé e kalẹ̀, n kò gùn ún mọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo yà sí ilé epo kan, mo ní kí wọ́n rọ ọ́ kún, pọ́ǹpù kà lítà 21.3. Mo pín in, kìlómítà 12.7 sí lítà kan! Ìwọ̀n 16 tàbí 17 ni mo mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Mo ní bóyá orí mi ló gbóná. Mo gbéra, táńkì mi kún, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Iná tàn ní 218. N kò tíì wọ Gwagwalada! Òógùn bò mí nínú hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Mo rọra ń yí i lọ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́ títí mo fi rí ilé epo tó ń tà.

Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ti wò ó. Kò tú bóòtù kan ṣoṣo, ó kàn ní pọ́ǹpù inú táńkì ti ń kú lọ, àti pé nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo gbọ́dọ̀ di tuntun. Iye tó pè, owó màlúù ni, tìwotìwo. Ṣé kí n san án, àbí kí n dúró?

Ìyá Táyé Gwarinpa

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí a tó dá alùpùpù lẹ́bi, ìwọ ni mo fẹ́ bi léèrè. Eré mélòó lo sá nígbà tí ò ń bọ̀? Kí lo dì sẹ́yìn? Èmi náà Okun ni mí o, kò sí ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kàbà tó padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n ń rọ epo ńkọ́, orí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ lo fi í sí ni, àbí ti àárín? Má fi nǹkan pamọ́ fún dókítà.

Lugbe Boy

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ra oògùn tí wọ́n ń dà sínú epo, ìgò kan péré. Tí ẹ bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ máa paná ẹ́ńjìnnì, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń ṣe nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Mẹkáníìkì Apo

Lugbe Boy, jọ̀ọ́, má pa ọmọ ọlọ́mọ. Alùpùpù tó wọn nǹkan bíi kílò 290 kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e, o ní kí ó paná rẹ̀ lórí òkè? Kábúrétọ̀ ni tàwọn ọlọ́kadà. Kọ̀ǹpútà ló ń bu epo fún eléyìí. Tó o bá dá tọ́rótù, ìdìmú ọwọ́ ọ̀tún tó o fi ń fún un níná, padà pátápátá, tí gíà sì wà nínú rẹ̀, kò ní fọ́n epo rárá títí eré yóò fi wálẹ̀. Ìgbà tó o bá yọ gíà ni ẹ́ńjìnnì ń mu epo kó má bàa kú. Ẹni tó ń yọ gíà lórí òkè láti fi ṣọ́ epo, ṣe ló ń ná an.

Ọmọ Kàbà, má tíì san kọ́bọ̀. Pọ́ǹpù inú táńkì tó bá ń kú lọ kì í sọ báìkì di ọ̀mu. Ṣe ni yóò máa já ọ kulẹ̀ nígbà tó o bá fún un níná, á máa fà á tìkọ̀. O kò sọ pé tìẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe kò ná ọ lówó. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, gbé e sórí sítáńdì àárín, yọ gíà, fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Oní-ṣáàfù ni, ọ̀pá irin ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kò ní ṣéènì, nítorí náà kò ní yí fìrì bíi kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ le. Tẹ́tí sí búrékì. Eruku ọyẹ́ yìí máa ń wọ inú rẹ̀, á gan, á máa fún dísìkì mọ́ra láìjẹ́ pé o tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò pariwo, kò gbọ̀n, epo ló kàn ń jẹ. Nígbà tó dúró, mo wọ́n omi díẹ̀ sí dísìkì ẹ̀yìn, ó dún ṣìì bí ìgbà tí omi bá kán sínú òróró gbígbóná. Ó ti ń gun búrékì bọ̀ láti Nyanya.

Wo táyà náà. PSI 39 ni kí afẹ́fẹ́ iwájú jẹ́, 42 ni ẹ̀yìn, kó o tó gbéra o, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti gbóná. Fítà afẹ́fẹ́, gbọn eruku rẹ̀, àmọ́ má retí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Lórí irú báìkì yìí, tí fítà bá dí, agbára ló ń dín kù ju kí epo máa pọ̀ lọ.

Ọmọ Kàbà ní Kubwa

Ìyá Táyé, ẹ ti mú mi. Iṣu mẹ́fà ni màmá mi dì, ó wà lórí kẹ́ríà, ó yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí apá ẹ̀rọ̀pílénì. Epo pupa kẹ́ẹ̀gì lítà 10 wà nínú àpótí ọ̀tún, gààrí wà nínú ti òsì. Eré... kìlómítà 140 ní wákàtí kan. Níbi tí ọ̀nà ti dára, 150. N kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́nà Abaji, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ ni mo lò ní ilé epo, torí ẹrù, n kò lè dá a gbé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn táyà tán. 30 níwájú, 31 lẹ́yìn. Ojú tì mí.

Ẹ̀gbọ́n Ìṣirò

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n mo rí 21.3 yẹn, mo sì rí i pé ẹ ti ń fò ó kọjá. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.

Táńkì gba 25. Lítà 5 lé díẹ̀ ló máa ń kù kí iná FJR tó ṣẹ́jú. Àbúrò wa ní iná kò tàn títí tó fi dé Kàbà. Ó túmọ̀ sí pé ó kéré tán lítà 5 ṣì wà nínú rẹ̀. Àyè tó ṣófo kò lè tó 20. Tún rántí pé ó dùbúlẹ̀ sórí sítáńdì ẹ̀gbẹ́: epo á ti dé ẹnu táńkì lápá kan nígbà tí apá kejì ṣì ṣófo, lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ráyè wọlé. Níbo wá ni lítà 21.3 gbà wọlé? Ṣé inú bàtà rẹ ni?

Pọ́ǹpù yẹn ló purọ́. 12.7 tó lé oorun lójú rẹ, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ ni nọ́ńbà yẹn, kò kan ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wí fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má fi ìrọkún ẹ̀ẹ̀kan ṣe ìdájọ́. Rọ epo nílé epo kan náà, nídìí pọ́ǹpù kan náà, ní sítáńdì àárín, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kó o tó sọ pé báìkì rẹ ń jẹ báyìí.

Ti 218 yàtọ̀. Òótọ́ ni ìyẹn, ìwọ lo sì ṣe é. Afẹ́fẹ́ kì í fi ìlọ́po eré gbẹ̀san, ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po ni. Láti 100 sí 140, eré rẹ kò tíì fi ìdajì lé, ṣùgbọ́n ìtakò afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì: 1.4 lọ́nà 1.4, ó jẹ́ 1.96. Ní 150, ó ti lé ní méjì. Ìwọ wá fi iṣu na apá síta fún un. Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Àríwá ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Nígbà tó ò ń lọ sí Kàbà, ẹ̀yìn ló ti ń tì ọ́. Nígbà tó ò ń bọ̀, àyà ló ti ń kọ lù ọ́. Ọ̀nà kan náà ni o, kì í ṣe ìrìn kan náà.

Lugbe Boy

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti afẹ́fẹ́. Òkè ńkọ́? Lọ́kọ́ja wà létí Odò Ọya, Àbújá wà lókè lọ́hùn-ún. Ṣé gígùn òkè kọ́ ló jẹ epo yẹn ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìṣirò

Ìbéèrè gidi nìyẹn, o ti tún ara rẹ ṣe. Ká pe ìyàtọ̀ gíga náà ní mítà 400, ká pe báìkì, ẹni tó gùn ún àti iṣu rẹ̀ ní kílò 430. Agbára tí yóò gbé gbogbo wọn dé òkè, tí a bá ti yọ èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fi ṣòfò nínú ooru, kò tó ìdá mẹ́rin lítà kan. Òkè kò jẹ̀bi. Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò wa ló jẹ̀bi.

Gold Wing Garki

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi tèmi kún un, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí láàárín Koton Karfe sí Abaji, tí mo gbọ́kàn lé nọ́ńbà tí mo mọ̀ nílé. Honda Gold Wing 1800 àtijọ́ ni tèmi, lítà 25 bíi tìẹ. (Àwọn tó jáde láti 2018, 21 ni wọ́n fún wọn.) Epo tán pátá. Mo ra ti bílákì lọ́wọ́ ọmọdé kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo gbé e sójú oòrùn wò, mo rí omi tó ń yí bìrìkìtì nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ṣì rà á, torí agogo márùn-ún ti lù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fọ táńkì.

Láti ìgbà náà, n kì í bi ara mi pé báwo ni mo ṣe lè jìnnà tó. Ibi tí mo fẹ́ dúró ni mo ń yàn. Tí mo bá ń lọ sí Lọ́kọ́ja, mo máa ń rọ epo ní Gwagwalada bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo kò tíì fà dé ìdajì táńkì, torí ilé epo pọ̀ níbẹ̀, èrò sì wà. Ní 200, ibi yòówù kí n wà, mo ti ń wá èyí tó kàn. Ẹni tó bá rìn títí iná fi tàn ti fi yíyan ibi tí yóò dúró sílẹ̀ fún báìkì, lọ́nà wa yìí, ìyẹn ò dáa.

Tó o bá dé ilé epo, sọ̀ kalẹ̀. Má jókòó lé e. Kí ojú rẹ rí òdo lórí pọ́ǹpù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní kí ẹnì kan bá ọ di báìkì mú, kó o gbé e sórí sítáńdì àárín, kí epo mọ sí ìsàlẹ̀ ọrùn táńkì, má jẹ́ kó dé ìdérí, torí tí oòrùn bá mú un yóò wú. Má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sínú àpótí ẹ̀gbẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Epo pupa ìyá rẹ ni kó o máa gbé níbẹ̀. Rìsíìtì 21.3 yẹn, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó títa epo, ló ni ẹjọ́ pọ́ǹpù, fi tó wọn létí.

Ìyá Táyé Gwarinpa

Gold Wing ti sọ ọ́ tán. Èmi ò fi ju 110 lọ pẹ̀lú ẹrù. Ọlọ́kadà Bajaj yóò fi lítà márùn-ún dé Lọ́kọ́ja, á tún máa juwọ́ sí mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Kàbà ní Kubwa

Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Mo yí táyà ẹ̀yìn, kò le, búrékì kò gan. Mo fẹ́ táyà sí 39 àti 42. Lọ́jọ́bọ̀ mo rọ epo ní Kubwa lórí sítáńdì àárín, ọmọ ilé epo bá mi di kẹ́ríà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí Abaji, mo padà, mo fi èyí tó kù rìn káàkiri ìlú títí di àná, n kò kọjá 110. Pọ́ǹpù kan náà ni mo padà sí: kìlómítà 241, lítà 13.9. Ẹ pín in, 17.3 ni, ìdajì táńkì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wà níbẹ̀ kí n tó rọ ọ́.

Mẹkáníìkì ọlọ́màlúù pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní nọ́sù ti dé ọjà, kí n fi owó ránṣẹ́. Mo ní kó bá mi dá a padà.

Ìyá Táyé, iṣu méjì ṣì kù níbí. Ẹ sọ ilé tí ẹ wà ní Gwarinpa, mo fẹ́ gbé e wá. Inú àpótí ni màá kó o sí.