Àjùràn ni, kì í ṣe àjùrán

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "àjùrán" fún irú bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì (eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú láti gbá a) tó ń yí bírí, tí a mọ àwọn ará Íńdíà mọ́, tó sì pe èyí tó ń yára, ti àwọn ará Pakísítánì, ní "àjùsáré", ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí a kí i fún, ṣùgbọ́n àmì ohùn kan ṣoṣo ti ba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́.

Aṣọ là ń rán. Òkòtó ní í ràn. Ìyá ìyá mi, tó ran òwú títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, kò fi ohùn òkè pè é rí. Ẹni tó bá ní "ran" lòun ń gbọ́ lẹ́nu àgbà, kí ó rántí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di àárín, bíi ti "ra aṣọ". Nínú àjùràn, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n lè fèsì pé awọ tí a rán pọ̀ ni bọ́ọ̀lù náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn asáréjù Pakísítánì, àwọn tó ń sáré bọ̀ kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù, Imran Khan, Wasim Akram àti Waqar Younis, tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù máa dán tí wọ́n sì ń jẹ́ kí èkejì gbó kí bọ́ọ̀lù lè yà lójijì, ni ojú rírán yẹn wúlò fún jù. Àwọn ará Íńdíà, Bedi, Prasanna, Chandrasekhar àti Venkataraghavan ní tiwọn, ìka àti ọrùn ọwọ́ ni wọ́n fi ran bọ́ọ̀lù bí òkòtó lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kumble, tó dá lé ará Pakísítánì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde nínú eré ní Delhi ní 1999, wà nínú ìran wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn.

Kí a má sì so ọ̀rọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè: ará Pakísítánì ni Abdul Qadir tó ń ran bọ́ọ̀lù, ará Íńdíà sì ni Kapil Dev tó ń sáré jù ú.

Nínú "àjùsáré" ńkọ́, ta ló ń sáré? Shoaib Akhtar ló ń sáré bọ̀ láti òkèèrè. Bọ́ọ̀lù rẹ̀, tó dé 161.3 kìlómítà ní wákàtí kan ní 2003, fífò ló ń fò.

Àbúrò tó ní "jù" gan-an kò tọ́, nítorí pé òfin kíríkẹ́ẹ̀tì kò gba kí ìgbọ̀nwọ́ ká kó tó nà bí ìgbà tí a bá ń ju òkò, ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n "sọ" tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Nínú "ju òkò" àti "sọ òkò", òkò kan náà ló ń bani.