Ta ló ti fi káàdì tí kò dára lé ẹlòmíì kúrò nídìí owó rí?

Àyìnlá: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta póókà, pàápàá Hold'em tí káàdì méjì ń wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí márùn-ún ń ṣí lórí tábìlì fún gbogbo yín, ẹ sọ tiyín. Kí lẹ rò kẹ́ ẹ tó bluff, ìyẹn kẹ́ ẹ tó fi owó purọ́ pé káàdì yín dára?

Ará Peckham: Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ni. Sípéèdì méjì wà lọ́wọ́ mi, méjì wà lórí tábìlì, mo ń retí ìkarùn-ún, torí márùn-ún tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà lágbára gan-an. Káàdì tó kẹ́yìn ṣí, dáyámọ́ǹdì ni. £60 ló wà láàárín. Ẹni tó kù ti ń sanwó tẹ̀ lé mi látìbẹ̀rẹ̀, kò fi kún un rí. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé káàdì ẹ̀ ò burú, àmọ́ kò lágbára. Mo ta £60. Mo fi 60 wá 60: tó bá lè jáwọ́ ju ìdajì ìgbà lọ, èrè ni. Ká ní £30 ni mo ta ni, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ti tó. Ó ronú títí, ó jáwọ́.

Ìyá Táyé: O fi hàn án?

Ará Peckham: Kí n fi hàn án kẹ̀! Ẹni tá a ṣì jọ máa ta?

Délé B.: Ìṣirò kọ́, ara èèyàn ni mo máa ń wò. Tọ́wọ́ ẹni tó ń ta owó bá ń gbọ̀n, mi ò ní sanwó wò ó. Káàdì gidi ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Àyìnlá: Ara wo ni Libratus, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta póókà, ní? Lọ́dún 2017, ní Pittsburgh, ẹ̀rọ yẹn bá ọ̀jẹ̀ mẹ́rin ta 120,000 ọwọ́ (ìgbà tí wọ́n pín káàdì), ó sì na gbogbo wọn. Ó ń bluff dáadáa o.

Délé B.: Ẹ̀rọ ò sí nílé ọ̀rẹ́ Ará Peckham.

Ìyá Táyé: Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìtàn tí ẹni náà ń fi owó ẹ̀ sọ ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ọkùnrin kan kó gbogbo chips ẹ̀ (àmì owó tá a fi ń ta) sílẹ̀ lórí káàdì ìkẹyìn, bíi pé sípéèdì márùn-ún ti pé lọ́wọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí sípéèdì kẹta jáde, ṣe ló dákẹ́, kò ta kọ́bọ̀. Jack méjì péré ni mo ní. Owó tó ta dọ́gba pẹ̀lú tàárín, torí náà tí mo bá jàre lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, mi ò pàdánù. Mo sanwó. Ace àti 5 ló ṣí, kò bá nǹkan kan mu!

Ọmọ Ọ̀yọ́: Orí ló bá yín ṣe é, àǹtí. Àwọn kan máa ń dákẹ́ kí wọ́n lè dẹ páńpẹ́.

Ìyá Táyé: Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta nìyẹn, mi ò sọ pé gbogbo ìgbà.

Délé B.: Farha náà ronú lọ́dún 2003, nígbà tó ku òun àti Moneymaker nínú ìdíje póókà àgbáyé, World Series of Poker. 9 méjì ló ní. Moneymaker ò ní ju King lásán lọ, ó kó gbogbo owó ẹ̀ sílẹ̀, Farha jáwọ́. Ẹ̀bùn ipò kìíní, $2.5 mílíọ̀nù, lọ bẹ́ẹ̀.

Àyìnlá: Kò parí síbẹ̀ o, ọwọ́ mìíràn ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ló ti yí.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ò ní jáwọ́ ní tiẹ̀. Gbogbo owó ló máa ń san wò.

Ará Peckham: Má bluff irú wọn láéláé. Dúró de káàdì gidi, kó o wá ta owó ńlá.

Alàgbà F.: Tẹ́tẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Alàgbà F.: Ìyẹn, mo mọ àwọn tó ń gbá a.