Èsì: “Amómihó”? Ta ló fẹ́ se ẹja?

Ẹ̀yin àgbà tí a jọ ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun, mo kí yín o. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn ti fi ìwé ìtọ́ni wọn ránṣẹ́ sí wa, ìyẹn ìwé lórí ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ inú táǹkì ẹja omi iyọ̀, ni mo ti ń ka èsì yín, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni mo sì ti fi dá sí i. Mo rò pé ẹnìkan á bá mi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Táǹkì yìí ni mo ń tọ́jú jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé oúnjẹ, lọ́dọ̀ dókítà eléyín, ní pálọ̀ àwọn olówó, nítorí náà ẹ gbà mí láyè.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú ni “amómihó”. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa pe ẹ̀rọ tí òyìnbó ń pè ní protein skimmer nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ẹ̀gbin kúrò nínú omi táǹkì. Àlàyé wọn ni pé a-, mú, omi àti hó ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà, pé bí a ṣe rí amúlétutù àti amóhùnmáwòrán náà ni. Mo gbà. N kò bá àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ jà, n kò bá mú jà, ìpajẹ fáwẹ́lì wọn gún régé. Hó ni mo bá wọn fà.

Kí ni etí Yorùbá ń gbọ́ bí a bá ní omi hó? Iná ni. Ìkòkò wà lórí àdògán, omi ti hó, ó ku kí a da èlùbọ́ sí i. Ọṣẹ lè hó láìsí iná, ẹmu lè hó láìsí iná, ta ló ń jiyàn ìyẹn? Àmọ́ bí omi gan-an bá ti jẹ́ olùwà, iná ti dé ibẹ̀. Ẹnìkan nínú ìjíròrò yìí ti ní mo ń ṣe gírámà ju onígírámà lọ. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gírámà, ilé ìdáná ni. Amómihó wà nílé mi: kẹ́tùrù tí mo fi ń po tíì ni.

Kí a tiẹ̀ gbé ti iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ló ń hó nínú ẹ̀rọ yẹn? Pọ́ǹpù á fa omi iyọ̀, á fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, á gbo wọ́n pọ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi fọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀rá, ikun ara ẹja, oúnjẹ tó ti yòrò, gbogbo ẹ̀gbin tí asẹ́ kò lè mú, á wá lẹ̀ mọ́ ara àwọn hóró afẹ́fẹ́ yẹn. Wọ́n á gun ọrùn ẹ̀rọ lọ sókè ní ìfófòó, wọ́n á sì dà sínú ife tó wà lórí rẹ̀. Bí omi bá mọ́ tónítóní, kò sí ìfófòó tí yóò gun ọrùn yẹn rárá. Ẹ̀gbin ló ń hó, omi kọ́. Iyọ̀ sì ni kì í jẹ́ kí àwọn hóró afẹ́fẹ́ náà so pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ kan náà sínú omi tí kò ní iyọ̀, wọ́n á di ńláńlá, wọ́n á kàn máa bẹ́ dànù lójú omi. Nítorí náà, nínú “amómihó”, mú nìkan ni mo rí tó jẹ́ òótọ́.

Ó wù mí kí àwọn tó ń jókòó sórí àga dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wá ṣí ife yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Omi inú rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, òórùn rẹ̀ á sì bá yín dé inú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rá á ti lẹ̀ yí ọrùn náà ká nínú. Ìka la fi ń gbọ́n ọn kúrò, ká tó wá fi aṣọ mímọ́ nù ún, torí bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀ ìfófòó kò ní ríbi gùn. Iyọ̀ á ti dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí kò ní iyọ̀ là ń dà gba inú rọ́bà rẹ̀ títí yóò fi yòrò. Bí a bá dá a pa dà tán, ó lè tó ọjọ́ kan kí ìfófòó tó tún gùn dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ á ní òun ti ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fojú mi rí. Nínú ìwé kan náà, lójú ewé kan náà, ẹ̀gbọ́n wa pe ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní “amómigbóná”. Ó dáa, kò lábùkù. Omi àwọn ẹja yìí gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 25 sí 26°C, òtútù ìlú yìí kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀rọ náà. Àmọ́ amómihó lẹ́gbẹ̀ẹ́ amómigbóná! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó ka ìlà kan nínú ìwé yẹn lórí fóònù: “Ẹ gbé amómihó jáde, ẹ ṣí i, ẹ nù ún.” Ọ̀dọ̀ amómigbóná ló kọrí sí tààrà. Ó fà á yọ nínú omi nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì sán kó tó gbé e dórí tábìlì. Ọpẹ́ ni pé kò tún rì í bọ omi. Gbogbo wa mọ̀ pé iná la kọ́kọ́ ń yọ, ká wá jẹ́ kó tutù nínú omi fún nǹkan bí ìdajì wákàtí ká tó gbé e. Ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ amómigbóná, ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ má sọ pé ọmọ yẹn ò mọṣẹ́. Ó gbọ́ Yorùbá ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi síwájú yín dípò amómihó ni “agbẹ́gbin”. Màmá wa olùkọ́ tó wà l'Ábẹ́òkúta bínú gidi, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ ẹja aláràbarà di iṣẹ́ agbépóò ni. Bẹ́ẹ̀ ni mà, ibẹ̀ gan-an ni mo ti mú un. Bàbá mi tó dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń sọ pé a kì í dímú lójú agbépóò, torí bí kò bá wá lóru, gbogbo àdúgbò á mọ̀ láàárọ̀. Àwọn àgbà yẹn kò tijú láti fi iṣẹ́ pe oníṣẹ́. Agbépóò, agbẹ́rù, agbẹjọ́rò. Àwa la wá ń wá ọ̀rọ̀ olóòórùn dídùn fún ohun tó ń rùn.

Ẹni tó béèrè ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ orí ẹ̀gbin wọlé sí nínú agbẹ́gbin: ibi tí ti ẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí nínú dẹ́ṣẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ ní agbẹ́ẹ̀gbin. Kí ó kọ́kọ́ máa kọ dẹ́ẹ̀ṣẹ̀ ní tirẹ̀ ná. Ẹlòmíràn ní òun á kà á bíi gbẹ́ tó wà nínú gbẹ́ ṣáláńgá. Kó kà á bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ kò jìnnà. Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Àtìláńtà sì ní “ẹ̀rọ fóòmù” ti tó. Fóòmù là ń sùn lé, ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tún wà nínú ìwé yẹn tí kò sẹ́ni tó kà á sí: fọ̀. “Ẹ fọ pọ́ǹpù, ẹ fọ ọrùn, ẹ fọ rọ́bà.” Ẹ sọ fún ọmọ Yorùbá pé kó fọ nǹkan, ọṣẹ ló máa bù. Bí ọṣẹ díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lára ẹ̀rọ yìí, ìfófòó á ru bo ife, á dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ba kápẹ́ẹ̀tì olówó jẹ́. Ẹ ò ṣe kọ rẹ, ẹ ò ṣe kọ ha, ẹ ò ṣe kọ ṣàn? Ohun funfun tó ń le mọ́ ara fánù kékeré inú pọ́ǹpù, ẹfun ni, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tí omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ń fi sídìí kẹ́tùrù. A óò rẹ pọ́ǹpù sínú fínígà funfun tí a fi omi là ní ìdajì-ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùṣùṣù (ẹ̀gbọ́n, hó mìíràn rèé, kò síná, kò sí ọṣẹ), a óò fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, a óò wá fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà o. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ májèlé ni, ìwé yín kò sì sọ ọ́ níbì kankan.

Ti “àmù ẹja”, ìyẹn tí a fẹ́ fi pe táǹkì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Amọ̀ là ń fi mọ àmù, a kì í rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹni tó dá a sílẹ̀ fi èdè Látìn bá mi jà: ó ní ibi tí màlúù ti ń mumi ni aquarium, ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe táǹkì ẹja, jẹ́ láyé àwọn ará Róòmù, kí Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹranko ará Gẹ̀ẹ́sì, tó wá gbé e fún ilé ẹja lọ́dún 1854, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tiwọn, kò sì sí ẹja tó kú nítorí rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwa kì í ṣe ará Róòmù, màlúù kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ wa. Táǹkì ni gbogbo ayé ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. N kò bá yín du ìyẹn. Ẹ kàn bá mi yọ amómihó kúrò kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ ìtẹ̀wé. Bí agbẹ́gbin kò bá wù yín, ẹ wá òmíràn, ṣùgbọ́n kó má ní omi àti hó nínú pọ̀.

Àfikún: Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo rí èsì ẹni tó ní kí a pe àpò aṣọ tó ń gba ìdọ̀tí ní “ajọ̀”. Èlùbọ́ là ń jọ̀. Ògì là ń sẹ́. Omi ló ń gba inú àpò yẹn kọjá, nítorí náà asẹ́ ni. Ó ní ajọ̀ ni wọ́n ń pe méjèèjì nílùú tòun, kí ó dárúkọ ìlú náà fún wa.