"Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà": ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ míì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ pésímékà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ní àpótí bátìrì tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tí wáyà ẹ̀ wọnú ọkàn láti mú kó máa lù, àwọn kan fẹ́ "amọ́kànlù", àwọn kan ní "arán-ọkàn-létí" ló dáa jù torí pé ẹ̀rọ yẹn kì í dá sí ọkàn tó bá ń lù dáadáa, ńṣe ló ń ṣọ́ ọ, ìgbà tí ọkàn bá fẹ́ gbàgbé ló máa ń ta á lólobó. Èmi fara mọ́ ìkejì. Àmọ́ kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ ló ń dùn mí, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni: pààrọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ dábàá jọ ní ká máa pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe tí wáyà bá bàjẹ́ ní "pípààrọ̀ wáyà". Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó wọlé.

Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní London. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wáyà tó gba abẹ́ eegun òkè àyà lápá òsì wọnú ọkàn wọn ṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, a gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ògbufọ̀ tí wọ́n pè lórí fóònù sọ fún wọn pé "Màmá, wọ́n ti bá yín pààrọ̀ wáyà yẹn." Màmá dúpẹ́, gbogbo wa dúpẹ́.

Lọ́dún yìí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n títí dé ẹsẹ̀, dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe MRI, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara. Mo ti gba yẹtí àti òrùka ìgbéyàwó wọn, mo ti dì wọ́n sínú ìborùn, ni arábìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù bá béèrè pé ṣé wáyà àtijọ́ kankan ṣì wà nínú ara wọn, èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ ẹ̀, màmá ní "Rárá o, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀." Ọpẹ́lọpẹ́ pé arábìnrin yẹn ò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ó ṣí X-ray àyà wọn lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n wá wò ó. Wáyà méjì! Ọ̀kan wọ inú àpótí bátìrì, èkejì ò kan nǹkan kan, wọ́n fi ìdérí kékeré bo ẹnu ẹ̀. Màmá wò ó títí, wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n ní "Ṣé wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Wọn ò gbàgbé ẹ̀. Wáyà tó bá ti pẹ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹran á hù bò ó, á lẹ̀ mọ́ iṣan àti ọkàn, tí wọ́n bá fà á yọ ó lè ya ibẹ̀, torí ẹ̀ ni dókítà fi máa ń fi sílẹ̀ nígbà míì, á wá ti tuntun bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n lédè wa, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ táyà, èyí tó bẹ́ á wà nílẹ̀ níwájú yín. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ aṣọ, ẹ ti bọ́ ti àárọ̀. Ta ló ń pààrọ̀ nǹkan tí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀? Bátìrì ni pààrọ̀ bá mu, torí wọ́n máa ń gbé àpótí àtijọ́ jáde ni: Arne Larsson, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pésímékà sí lára, ní Swídìn lọ́dún 1958, lo èyí tó lé ní 20 kó tó kú ní 2001.

Ewu ibẹ̀ rèé. Wáyà tí ò so mọ́ nǹkan lè dà bí ẹ̀ríà tẹlifíṣọ̀n nínú MRI, á máa gba ìgbì rédíò, orí ẹ̀ tó wà nínú ẹran ọkàn lè gbóná. Lọ́dún 2011 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí pésímékà tó lè wọ MRI, àmọ́ àdéhùn wà ńbẹ̀, àpótí àti wáyà gbọ́dọ̀ jọ bára mu, wáyà àtijọ́ kan ṣoṣo tó bá kù sínú ti ba àdéhùn yẹn jẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí "aláìléwu" tẹ́nì kan dábàá lánàá fún irú pésímékà yìí ò fi dáa, "aládéhùn" ló bá a mu. Kì í ṣe pé wọn ò ní lè ṣe é mọ́ láéláé o, àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń ṣe é tìṣọ́ratìṣọ́ra, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé wáyà wà ńbẹ̀.

Kí la wá fẹ́ pè é? Mo kọ́kọ́ rò ó pé "wáyà àpatì", mo sọ ọ́ fún màmá, ojú wọn yí padà, ó dà bíi pé wọ́n pa àwọn gan-an tì. "Wáyà tó ń sinmi" tutù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń tanni. "Wáyà àṣẹ́kù" ni mo fara mọ́, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ àṣẹ́kù tí ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣì wà nílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì: "yíyọ wáyà" tí wọ́n bá yọ ọ́, "àfikún wáyà" tí wọ́n bá fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pésímékà màmá: wáyà méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ àṣẹ́kù. Wọ́n ti kà á sókè fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, ṣé àṣẹ́kù náà lẹ̀ ń pè é lọ́dọ̀ yín, àbí ọ̀rọ̀ míì wà?