Àwọ̀ wo ló yẹ irun obìnrin orí òrùlé inú ìwé Vecellio?

Ọlọ́dà Kékeré:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo bá wá. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kun àwọn àwòrán aṣọ tí wọ́n fín sórí bàbà nínú ìwé tí Cesare Vecellio gbé jáde ní Venice lọ́dún 1590. Ìlà dúdú lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kò sí àwọ̀ kankan. Mo máa ń tẹ ẹ̀dà wọn sórí bébà tó nípọn, màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti ọ̀dà olómi kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan ló wá dá mi dúró. Orí pèpéle onípákó tí àwọn ará Venice máa ń kàn sókè òrùlé ló jókòó sí, altana ni wọ́n ń pè é. Fìlà tó dé kò ní àtàrí, etí fífẹ̀ nìkan ló ní. Irun rẹ̀ gba ihò àárín jáde, ó wá tẹ́ ẹ sórí etí fìlà náà yípo bí ẹni sá aṣọ. Ó so kànrìnkàn mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ń rẹ irun yẹn nínú oòrùn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an, n kò fẹ́ ṣì í kùn.

Dúdú ni mo kọ́kọ́ fi sí irun rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí ẹ̀dà aláwọ̀ kan tí wọ́n ń tà: irun pupa, aṣọ búlúù tó ki. Ẹni tó ń tà á ní bí wọ́n ṣe kùn ún láyé Vecellio nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ohun kejì: àwọ̀ ewé tí mo fi sí aṣọ obìnrin mìíràn là kọjá sí ẹ̀yìn bébà, ó sì ràn bí epo. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìwé Àtijọ́:

Ọlọ́dà, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ padà sídìí ọ̀rọ̀ tó bá àwòrán yẹn rìn. Vecellio ò kàn to àwòrán jọ, ó kọ àlàyé sí i: irú aṣọ, ẹni tó ń wọ̀ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Ítálì ni, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ kó tú ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn fún yín kí ẹ tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi.

Iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe gan-an ni ìdáhùn yín. Ó ń sọ irun rẹ̀ di aláwọ̀ wúrà ni. Á fi omi àpòpọ̀ rẹ ẹ́, oòrùn á fà á gbẹ, á tún rẹ ẹ́. Ẹni tó bá kùn ún ní dúdú tàbí pupa ti pa ìtàn inú àwòrán náà. Ẹ lo yẹ́lò fífúyẹ́, kí ìdí irun ṣú díẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì wọ̀, sílíìkì tàbí ọ̀gbọ̀, búlúù tó ki ò bá a mu rárá. Ẹ jẹ́ kí funfun bébà di aṣọ náà, òjìji díẹ̀ ti tó.

Ní ti èyí tí wọ́n ń tà, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ kìkì àmì tó-tò-tó, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ti 1590. Firmin Didot tún ìwé náà tẹ̀ ní Paris lọ́dún 1859 sí 1860, kò sì sí ohun tó ní kí ẹnì kan má kun ojúlówó lánàá.

Afínbàbà:

Ẹ dákun, àwòrán Vecellio kì í ṣe ti bàbà. Pákó ni wọ́n gbẹ́, Christoph Krieger ará Nuremberg ló gbẹ́ ẹ. Ìwé aṣọ ti Abraham de Bruyn (1581) àti ti Pietro Bertelli tó jáde ní Padua lọ́dún 1589 ni ti bàbà. Mo ń sọ ọ́ nítorí ọwọ́ yín. Lára pákó, ìlà tó yọ sókè ló ń gba íńkì, ó máa ń nípọn, ààyè funfun sì pọ̀ láàárín wọn. Lára bàbà, inú kòtò ìlà ni íńkì ń wà. Ìlà wọ̀nyẹn tín-ín-rín, wọ́n sún mọ́ra, àwọn fúnra wọn ti ṣe òjìji tán. Ọ̀dà tó bá ki díẹ̀ á bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá débi ti Bertelli, ẹ wá aṣẹ́wó Venice tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ bébà ọ̀tọ̀ tó ṣeé ká sókè. Ṣòkòtò àti bàtà gíga fíofío ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní láti kun abẹ́ náà.

Mo tún fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú mi. Àwọ̀ ayé ìgbà yẹn pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkùn, bíi ti Mynken Liefrinck tó ń kun àwòrán fún ilé ìtẹ̀wé Plantin ní Antwerp. Ẹ wo àwọn èèyàn tó dúró níwájú ìlú nínú ìwé àwòrán ìlú tí Braun àti Hogenberg ṣe: aṣọ kan náà lè pupa nínú ẹ̀dà kan, kó jẹ́ àwọ̀ ewé nínú òmíràn.

Bébà yín ló ń mumi. Ẹ yọ́ jẹ́látìnì sínú omi gbígbóná, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ẹ fi pa bébà, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún. Igun kan ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò, torí íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn máa ń ṣàn tómi bá kàn án. Àwọ̀ ewé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi ìpata bàbà ṣe, ìyẹn máa ń jẹ bébà fúnra rẹ̀ ni. Tí ẹ bá yí ojú ìwé náà padà, ẹ óò rí i tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́yìn.

Ọlọ́dà Kékeré:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. Íńkì tèmi ò ṣàn, jẹ́látìnì náà sì mú un: ẹ̀yìn bébà mọ́ tónítóní. Mo tẹ obìnrin náà ní tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi yẹ́lò fífúyẹ́ lé e, mo ń jẹ́ kó gbẹ láàárín. Ibi tí kànrìnkàn ti kan irun nìkan ni mo jẹ́ kó ṣú, torí pé ibẹ̀ ló ṣì tutù.